Bí a ṣe ń ṣe ilé ìdáná ilé àyágbé lọ́ṣọ̀ọ́ láì bá onílé jà

Ìbéèrè

"Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Èmi àti ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí ilé oníyàrá méjì kan ní Òkè-Baálẹ̀, níbí ní Òṣogbo. Abéré, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ilé náà dára, àfi ilé ìdáná rẹ̀. Ẹni tó gbé ibẹ̀ kó tó kàn wá, sítóòfù oníkẹrosíìnì ló ń lò, ògiri apá kan ti dúdú kọjá sísọ. Bàbá onílé ní a ò gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́ ògiri, bí a bá sì máa kun ọ̀dà, kò gbọdọ̀ jẹ́ àwọ̀ tó pọ́n tàbí tó dúdú. Mo rí síkà onímábù kan lọ́jà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹni tó ń tà á ní kì í jóná, kì í sì í bó. ₦80,000 ni owó tí a lè yọ sílẹ̀. Mo tún ní àdìrẹ ìyá àgbà mi kan tí mo fẹ́ fi ṣe kọ́tìnì síbẹ̀. Mo lóyún oṣù márùn-ún, mo sì fẹ́ kí ibẹ̀ wuni kí màmá mi tó wá bá mi wẹ ọmọ. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Ìdáhùn

Ọmọ mi, o kú ìkúnra o. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Inú mi dùn pé o béèrè kí o tó ra síkà yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni owó tí ẹ yọ sílẹ̀ ì bá ti kọ́kọ́ ṣòfò.

Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ayálégbé tó bá pè mí síṣẹ́ nìyí: ohun tí ẹ lè dì lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó lọ ni kí ẹ náwó lé. Ohun tó máa kù sára ilé, omi, ọṣẹ àti agbára ni kó gbà lọ́wọ́ yín, kó má gba owó púpọ̀. Pẹpẹ tí a fi sìmẹ́ǹtì mọ mọ́ ògiri, táìsì tí a lẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù tí káfíńtà kàn pọ̀ mọ́ ilé, ti ilé ni wọ́n máa ń dà, àfi bí ẹ̀yin àti onílé bá ti jọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ óò tú u lọ. Ṣùgbọ́n ràkì onírin, tábìlì, gílóòbù, aṣọ fèrèsé, agbọ̀n, ìkòkò, gbogbo èyí á bá yín dé ilé tí ẹ máa kọ́ fúnra yín lọ́jọ́ iwájú, lágbára Ọlọ́run.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí o tó ra ohunkóhun, lọ dúró sí àárín ilé ìdáná yẹn láàárọ̀, kí o tún padà lọ dúró síbẹ̀ lálẹ́. Wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ibi tí omi ń ta sí, ibi tí ọwọ́ rẹ máa ń nà sí bí o bá ń wá iyọ̀. Fi tépù wọn fèrèsé, wọn àlàfo tó wà láàárín síǹkì àti ilẹ̀kùn, kọ ọ́ sínú fóònù rẹ. Lẹ́yìn náà, ya fọ́tò ògiri dúdú yẹn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Fi ránṣẹ́ sí bàbá onílé tàbí éjẹ́ǹtì rẹ̀, kí o fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé bí ẹ ṣe bá a nìyí. Bí ẹ bá san owó kọ́ṣọ̀n, ìyẹn owó tí onílé ń dì mú nítorí ohun tó bá bàjẹ́, nígbà tí ẹ ń gba ilé, fọ́tò yẹn ni ẹlẹ́rìí yín lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbà á padà.

Ó wá kan síkà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa nítorí ó ti gbòde, ó sì máa ń rẹwà nínú fóònù. Rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tí wọ́n ya àwòrán mábù sí lójú, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù sí lẹ́yìn. Ọ̀dà ara ògiri ló ń lẹ̀ mọ́, kì í ṣe ògiri fúnra rẹ̀. Ọ̀dà olómi tí owó rẹ̀ kò wọ́n ni wọ́n sì fi kun ọ̀pọ̀ ilé àyágbé wa, irú èyí tó máa ń yí ọwọ́ ẹni padà sí funfun bí a bá fi pa á. Lórí irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, síkà á dúró díẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa tí ògiri mu omi, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Bó bá sì jẹ́ pé ògiri náà ní skíríìdì tó dán, ìyẹn ìpara tí wọ́n fi ń mú ojú ògiri jọ̀lọ̀ kí wọ́n tó kùn ún, tí síkà lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, ìyà mìíràn nìyẹn: lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí i, á fa ọ̀dà àti skíríìdì dání, owó àtúnṣe rẹ̀ á sì jáde lára kọ́ṣọ̀n yín. Lórí ògiri tí èéfín àti òróró ti mu bíi tiyín yìí, kò tilẹ̀ ní rí ibi dì mú.

Ti pé kì í jóná, má gbà á gbọ́. Rọ́bà ni. Bó bá sún mọ́ iná, á rọ̀, á ká kò, ó sì lè gbiná, èéfín rọ́bà kò sì dára fún ẹnikẹ́ni, áńbọ̀sì aláboyún. Aáyán náà fẹ́ràn ẹ̀yìn rẹ̀ púpọ̀: ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, òróró sì wà níbẹ̀ tí wọ́n lè máa lá. Ojú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó ń dán àti inú dúrọ́ọ̀ nìkan ni mo ti máa ń gbà kí a lò ó. Níbẹ̀, bí o bá fẹ́ ṣí i, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun ni kí o fi fẹ́ ooru sí i, kí o wá fà á jẹ́jẹ́ sẹ́yìn, kó máa ká lé ara rẹ̀, má fà á wá sí ọ̀dọ̀ ara rẹ. Gọ́ọ̀mù tó bá kù, òróró ìsebẹ̀ díẹ̀ á tú u.

Iṣẹ́ gidi wà lára ògiri dúdú yẹn. Èéfín kẹrosíìnì kì í ṣe eruku tí a lè fi ìgbálẹ̀ gbá. Èédú lẹ́búlẹ́bú ni, tó ti pò mọ́ òróró tó ń ta jáde láti inú ọbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí kunlékunlé bá kàn gbé ọ̀dà olómi lé e lórí, á kọ́kọ́ funfun, ẹ óò yọ̀. Kò ní pẹ́ tí àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ gba inú ọ̀dà tuntun jáde. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, á tún yọ. Fífọ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú.

Ọṣẹ dúdú tí a ń lò nílé yìí kò lẹ́gbẹ́ fún un. Eérú, bíi ti èèpo kòkó, àti òróró bí àdín ni wọ́n fi ń sè é, eérú yẹn sì mọ ọ̀rá gé. Bu díẹ̀ sínú omi gbígbóná nínú báàkẹ́ẹ̀tì, jẹ́ kó yòrò tán. Ìsàlẹ̀ ògiri ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóòmù fọ̀ ọ́ lọ sókè. Mo mọ̀ pé ó lòdì sí ohun tí ojú rò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi ìdọ̀tí á máa ṣàn sórí ibi gbígbẹ nísàlẹ̀, á sì fa ìlà tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ bá wá fẹ́ fi omi mímọ́ ṣàn án, ẹ ti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ omi bó bá ti dúdú. Ẹ pa iná mànàmáná ibẹ̀ kí omi tó kan sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu. Bí ẹ bá rí èbù dúdú tótòòtó lẹ́yìn síǹkì, jíìkì tí a fi omi là lè pa á, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ oògùn tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí ohun ìfọǹkan mìíràn láé. Atẹ́gùn tó máa ń jáde lára àdàlù yẹn lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Jọ̀ọ́, kì í ṣe ìwọ ló máa fọ̀ ọ́. Ọkọ rẹ ni, tàbí kí ẹ pe ẹni tí ẹ máa sanwó fún. Òkè-Baálẹ̀ ní ilé tó ti wà kí Òṣogbo tó di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ́dún 1991, ó sì ní èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Bí tiyín bá jẹ́ ti àtijọ́, ohun méjì wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, eruku òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, títí kan ọmọ inú oyún. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi sáńpépà ha ògiri náà ní gbígbẹ. Kí wọ́n fi omi rin ín kí wọ́n tó ha ibi tó bá ń bó, kí ìwọ sì jìnnà síbẹ̀. Ìkejì ni sílíǹgì. Bó bá jẹ́ pátákó eléérú líle tí wọ́n ń pè ní ásbẹ́stọ̀ọ̀sì, ẹ má ṣe ha á, ẹ má sì dá ihò sí i, nítorí okùn tín-íntìn-ìn-tín tó máa ń fò jáde lára rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ènìyàn fà símú. Aṣọ tútù nìkan ni kí ẹ fi nù ún.

Lẹ́yìn tí ògiri bá ti gbẹ dáadáa, ó kan ọ̀dà. Ibi tó dúdú jù ni kí kunlékunlé kọ́kọ́ fi ọ̀dà olóròóró, ìyẹn ọ́ńdákóòtù, dí lójú, kí àbàwọ́n má bàa yọ mọ́. Kó wá fi ọ̀dà tí wọ́n ń pè ní sátìnì kun gbogbo rẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀dà olómi lásán parí ilé ìdáná fún ọ, bó ti wù kó dínwó tó. Ó ń mu òróró, kò sì ṣeé fọ̀. Sátìnì máa ń dán díẹ̀, aṣọ tútù àti ọṣẹ á sì máa mú ata àti epo kúrò lára rẹ̀. Òórùn ọ́ńdákóòtù le. Lọ sùn sílé màmá rẹ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ títí òórùn náà á fi lọ.

Ti àwọ̀, bàbá onílé kò fi ohun kan dù yín. Kíríìmù tàbí funfun tó rọ̀ lójú ni èmi náà ì bá yàn fún ilé ìdáná kékeré, nítorí ó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tàn káàkiri. Àwọ̀ tó ń wù ọ́, ara aṣọ, agbọ̀n àti abọ́ ni a óò ti rí i. Ṣùgbọ́n gba àṣẹ kí o tó kun ohunkóhun, kódà kó jẹ́ kíríìmù. Àgbàlagbà ìlú wa kì í fẹ́ kí wọ́n máa bá òun sọ ọ̀rọ̀ ilé òun lórí fóònù. Kí ọkọ rẹ lọ kí bàbá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kó dọ̀bálẹ̀, kó ṣàlàyé. Bí bàbá bá ti gbà, kó wá fi irú ọ̀rọ̀ báyìí ránṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. A dúpẹ́ fún ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lónìí. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe gbà fún wa, a óò fọ ògiri kíṣìnnì, a óò sì kùn ún ní kíríìmù. Ẹ̀yin ẹ óò ra ọ̀dà, àwa a óò san owó oníṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí mo bá ṣì í gbọ́, ẹ tún un sọ fún mi." Béèrè pé kó bá yín ra ọ̀dà; ilé rẹ̀ ni ẹ ń tún ṣe, ọ̀pọ̀ onílé tí a bá fi ọ̀wọ̀ bá sọ̀rọ̀ kì í kọ̀.

Iná. Ohun tó ń ba ẹwà ilé ìdáná jẹ́ jù nílùú yìí ni gílóòbù, àwọn ènìyàn kì í sì í fura sí i. Ọ̀pọ̀ gílóòbù LED tí wọ́n ń tà lọ́jà, 6500K ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń funfun débi pé ó ń fà sí búlúù; á mú kí ọ̀dà kíríìmù rí bí eérú, á sì mú kí ọbẹ̀ ata tó pọ́n dáadáa ṣú lójú. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré sí ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń pọ́n sí i. Fún ilé ìdáná, 4000K ni mo fẹ́ràn jù. Bí o kò bá rí i, mú 3000K. Wo lumen, ìyẹn ìwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó, tí wọ́n kọ síbẹ̀ pẹ̀lú: bíi 800 lumen ni gílóòbù àtijọ́ oní-60 wáàtì máa ń mú jáde, má ṣe rà á kó kéré sí ìyẹn. Nítorí iná tó ń lọ tó ń bọ̀, kí gílóòbù àárín sílíǹgì jẹ́ èyí tó ń gba iná sára. Ra ọ̀kan gbọọrọ tó ń gba iná sára pẹ̀lú, èyí tó ní mágínẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ràkì onírin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí, kó máa tànmọ́lẹ̀ sí ibi tí o ti ń gé ẹ̀fọ́. Ìyàtọ̀ tí ìyẹn máa mú wá, á yà ọ́ lẹ́nu.

Ràkì ni mo fẹ́ kí o náwó lé jù. Gba ìwọ̀n àlàfo tí o wọ̀n yẹn lọ bá wẹ́dà. Kó fi páìpù onígun mẹ́rin ṣe ràkì alájà mẹ́rin, kó ga tó 170 sẹ̀ǹtímítà, kó fẹ̀ wọnú tó 35 tàbí 40, kí ìkòkò ńlá lè jókòó síbẹ̀. Kó kọ́kọ́ fi ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún kùn ún, kó wá fi dúdú tàbí àwọ̀ ewé parí rẹ̀. Kó fi rọ́bà sí ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má bàa ha ilẹ̀. Odó kékeré, ọlọ àti ìkòkò wíwúwo ni kó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Kò sí ìṣó, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ń bọ̀ tó máa fẹ́ gùn ún kó tó pé ọdún méjì. Nítorí náà, gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí o fi wáyà líle so orí rẹ̀ mọ́ irin bọ́gíláà. Má ṣe fojú kékeré wo wáyà yẹn.

Irin bọ́gíláà yẹn kan náà ni ẹ̀bùn tí ilé àyágbé fún wa tí a kì í lò. Sọ fún wẹ́dà kó tẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìkọ́ méjìlá fún ọ, kí orí kan gbé irin fèrèsé mú, kí ìdí kejì gbé ohun èlò. Orógùn, ìgbákọ, ìjábẹ̀, asẹ́, ìpọnbẹ̀ onígi, kọ́ gbogbo wọn síbẹ̀ ní ìtò. Ohun èlò tí a fi igi gbẹ́ rẹwà púpọ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ bá tàn sí i, ọwọ́ rẹ á sì máa tó o láìjẹ́ pé o ń tú dúrọ́ọ̀. Àwọn ìyá wa mọ èyí dáadáa. Ẹni tó bá ti wọ yàrá ìyàwó àtijọ́, tó rí bí wọ́n ṣe to abọ́ tánganran léra wọn láti ńlá dé kékeré, tí òdòdó ara wọn kọjú síta, mọ̀ pé ohun tí a ń lò gan-an ni a fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Bí màmá rẹ bá ní irú abọ́ bẹ́ẹ̀ nínú àpótí, bẹ̀ ẹ́ kó bá ọ mú mẹ́rin márùn-ún bọ̀. Ìpele kẹta ràkì ni kí o tò wọ́n sí, níbi tí ojú ẹni tó bá wọlé á kọ́kọ́ bọ́ sí. Ata gbígbẹ, èlùbọ́, gààrí àti ẹ̀wà, kó wọn sínú ìgò tàbí ike ọlọ́mọrí tí a lè rí inú rẹ̀, torí èèrà àti kòkòrò.

Ẹ̀yìn gáàsì, níbi tí òróró ń ta sí, kò nílò síkà. Ra páànù alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta páànù ìkọ́lé, kí wọ́n gé e sí ìwọ̀n gáàsì rẹ, kí wọ́n ká etí rẹ̀ kó má bàa gé ọ lọ́wọ́. Fi ti ògiri lẹ́yìn gáàsì. Kì í jó, ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, o lè gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ fọ̀, ìgbà tí ẹ bá sì ń kó, ẹ gbé e sínú ọkọ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti sílíńdà níbí, nítorí pé àwọn ènìyàn ti ń rán aṣọ aláràbarà bò ó, wọ́n ń gbé e pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù kó má bàa "ba ilé jẹ́". Má ṣe é. Gáàsì ìdáná wúwo ju atẹ́gùn lọ. Bó bá jò, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ sí, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló sì máa péjọ sí títí ẹnì kan á fi ṣáná. Bí ihò bá ti wà lára ògiri tí rọ́bà gáàsì lè gbà, ìta, lábẹ́ ìbòòji, ni kí sílíńdà wà. Bí kò bá sí, kó wà níbi tí ojú gbogbo ènìyàn ti ń rí i, kí àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kí ihò atẹ́gùn tó wà lókè ògiri má ṣe di. Fi ìfófòó ọṣẹ sí ojú ibi tí rọ́bà ti so mọ́ ọn nígbà gbogbo tí ẹ bá gba gáàsì tuntun. Bó bá ń hó, ó ń jò nìyẹn. Wo àwọ̀ iná rẹ pẹ̀lú. Búlúù ló yẹ kó jẹ́. Bó bá ń jó pupa tó ń pa ìdí ìkòkò dúdú, orí bọ́nà ti dí, ó sì máa bẹ̀rẹ̀ sí í pa ògiri tuntun yín dúdú gẹ́gẹ́ bí ti ẹni àkọ́kọ́.

Ilẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà ni, ẹ tẹ́ ẹ lásán, ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹ máa ká a sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí abẹ́ rẹ̀ gbẹ. Ọwọ́ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó ti dógùn-ún, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀, kò wọ́nwó: wọn àárín ihò méjèèjì kí o tó lọ sọ́jà, 96 tàbí 128 mìlímítà ló wọ́pọ̀. Kó àwọn ti àtijọ́ sínú ọ̀rá, kọ "ti onílé" sí i lára, kí ẹ dá wọn padà nígbà tí ẹ bá ń lọ. Gbin efinrin sínú kòkò méjì tó ní ihò nísàlẹ̀, gbé e sí ojú fèrèsé níbi tí oòrùn ń dé; òórùn rẹ̀ dára, ọbẹ̀ á sì máa rí nǹkan jẹ.

Ó kù àdìrẹ ìyá àgbà rẹ. Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, má gbé e wọ ilé ìdáná. Èéfín àti òróró máa ń jẹ aṣọ, a sì gbọ́dọ̀ máa fọ kọ́tìnì ibẹ̀ léraléra. Gbogbo ìgbà tí a bá fọ̀ ọ́, aró ń dín kù, oòrùn ojú fèrèsé á sì gba èyí tó bá ṣẹ́kù. Bó bá jẹ́ pé èlú ni wọ́n fi pa á láró, tí ó sì jẹ́ ẹlẹ́kọ, tí ẹnì kan fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sí i lára ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tó máa ṣe irú rẹ̀ gan-an fún ọ mọ́. Pálọ̀ ni ipò rẹ̀. Rán ojú aṣọ mìíràn sí ẹ̀yìn òkè rẹ̀ kí ọ̀pá lè gba inú rẹ̀ kọjá, kí o kọ́ ọ sí ògiri tí oòrùn kì í tàn sí tààrà, kí ìwọ̀n ara aṣọ náà má ṣe dá lé ojú kan.

Ti ilé ìdáná, ra tuntun. Ìlú aró ni a wà, kò yẹ kí a máa lọ ra kọ́tìnì onírọ́bà tí òdòdó òkèèrè wà lára rẹ̀. Ibi tí Nike Davies-Okundaye dá sílẹ̀, Nike Centre for Art and Culture, wà ní Òṣogbo níbí tí wọ́n ti ń kọ́ni ní àdìrẹ, àwọn aláró mìíràn náà sì wà káàkiri ìlú. Mú oníko, èyí tí wọ́n fi okùn ìko dì kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró: òbíríkítí funfun inú búlúù rẹ̀ máa ń mọ́ lójú láti òkèèrè, àbàwọ́n kékeré kì í sì í tètè hàn lára rẹ̀. Òwú ni kó jẹ́. Fọ̀ ọ́ ní òun nìkan nínú omi tútù títí omi á fi mọ́, kí o tó gbé e sókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á kun ògiri kíríìmù yín ní búlúù nígbà òjò. Ìdajì fèrèsé nísàlẹ̀ ni kó bò, kí òkè ṣí sílẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn. Ọ̀pá onísípíríǹgì tó ń há ara rẹ̀ mọ́ àárín fèrèsé kò nílò ìṣó kankan. Bí gáàsì bá sún mọ́ fèrèsé yẹn ju mítà kan lọ, gbé gáàsì kúrò níbẹ̀ ná. Bí kò bá ṣeé gbé, má fi aṣọ síbẹ̀ rárá, efinrin àti ohun èlò onígi tó wà lára irin ti tó fún un.

Bí ẹ bá fẹ́ ná ₦80,000 yẹn, bí mo ṣe máa tò ó nìyí. Ọṣẹ, fóòmù àti gílóòbù ni kó kọ́kọ́ jáde, nítorí ẹ óò rí àǹfààní wọn lọ́jọ́ kan náà. Owó kunlékunlé ló tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ọ́ńdákóòtù bí bàbá kò bá rà á. Ràkì àti ìkọ́ ni kó gba èyí tó pọ̀ jù. Bá wẹ́dà náà dúnàá dúrà, kí o jẹ́ kó mọ̀ pé iṣẹ́ méjèèjì ni o fẹ́ gbé fún un pọ̀. Páànù ẹ̀yìn gáàsì àti àdìrẹ á tẹ̀ lé e. Kápẹ́ẹ̀tì àti ọwọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lè dúró de oṣù mìíràn. Ẹ ṣe fífọ̀ àti kíkùn tán láàárín oṣù yìí sí oṣù tó ń bọ̀, kí òórùn ọ̀dà ti kúrò nílẹ̀ pátápátá kí oyún rẹ tó wọ oṣù kẹjọ.

Fún aṣọ fèrèsé, ìlọ́po méjì fífẹ̀ fèrèsé ni kí o rà kó lè ṣẹ́ po dáadáa. Bí fèrèsé bá fẹ̀ ní 120 sẹ̀ǹtímítà, 240 ni, ìyẹn á sún mọ́ yáàdì mẹ́ta. Bí ìwọ̀n tìrẹ bá yàtọ̀, fi í ránṣẹ́ sí mi kí o tó lọ bá aláró, màá bá ọ ṣírò rẹ̀.